The Office, apá kẹrin: mo tún ìpín àkọ́kọ́ wò lánàá, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀

Oníbébà Ṣómólú
Sátidé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti mú iná wá, wọn ò sì mú un lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo bá rí àyè jókòó ti The Office àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìpín tó ṣí apá kẹrin ni mo tún wò, èyí tí wọ́n pè ní "Fun Run". Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC kọ́kọ́ gbé e jáde. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fún un, dípò ààbọ̀ wákàtí tó máa ń jẹ́. Greg Daniels tó mú eré náà wọ Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, òun náà ló darí ẹ̀.

Ẹni tí kò bá wò ó rí, bó ṣe rí nìyí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta bébà ní ìlú Scranton, ní Pennsylvania, ni. Dunder Mifflin ni wọ́n fún un lórúkọ. Michael Scott, tí Steve Carell ṣe, ni máníjà. Àwọn oníkámẹ́rà ń tẹ̀ lé wọn káàkiri ọ́fíìsì, wọ́n á sì máa pè wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bí ìpín yìí ṣe máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, Michael ló ń wakọ̀ bọ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀, ó ń ròyìn bí ayé ṣe dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn tó. Gbàà! Ó ti fi mọ́tò gbá Meredith, òṣìṣẹ́ ẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Egungun ìbàdí obìnrin náà sán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Bébà lèmi náà ń tà, ní Ṣómólú, ó ti lé ní ọdún 11. Kí n tó dá dúró, ọmọṣẹ́ ni mo jẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan. Ẹni tó ń gé bébà fún wa níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n gidi ni mo kà á sí. Lọ́jọ́ kan, à ń gé káàdì ìgbéyàwó, ilẹ̀ ti ṣú, oníbàárà dúró tì wá lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ pé kí òun to etí bébà dọ́gba, abẹ ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀. Ìka méjì. Lọ́jọ́ kejì èmi ni mo kó káàdì yẹn dànù, mo sì kà á: ẹ̀jẹ̀ ti wọ ewé 63.

Ọ̀gá wa ò dé ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Títí wọ́n fi dá ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, kò yọjú. Ohun tó bi wá ni pé ta ló máa san owó káàdì tó bà jẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Michael Scott láyé ọjọ́un, inú mi ò dùn sí i rárá. Mo ní kí ni wọ́n ń fi irú ọ̀gá báyìí ṣe? Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí i pé ọkùnrin yẹn dé ọsibítù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Meredith foríji òun. Mo dá eré dúró, mo kàn ń wo ojú ẹ̀. Kí lẹ̀yin rí nínú ọ̀gá yìí?

---

Ìyá Ìbejì Peckham
Sátidé, aago 10:02 alẹ́

Bọ̀dá Oníbébà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó wọ ewé 63 yẹn ò kúrò lójú mi láti ìgbà tí mo ti kà á.

Àmọ́ mi ò gbà fún yín lórí Michael. Ẹ tún un wò dáadáa. Ó dé ọsibítù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí ta ni? Meredith wà lórí ìdùbúlẹ̀, egungun ti sán, ohun tó ká Michael lára ni pé obìnrin náà ò tíì sọ pé "mo foríjì ọ́". Ara ẹ̀ ló ń tọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ ọ́, á jẹ́ kó o kọ́kọ́ sinmi.

Tẹ́ ẹ bá sì rántí, nígbà tí àwọn dókítà sọ pé wọ́n ti tìtorí ìjàǹbá yẹn fún Meredith ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí pé ẹranko ti bù ú jẹ rí, kíá ni Michael ti sọ ara ẹ̀ di olùgbàlà. Ó ní bí òun ò bá fi mọ́tò gbá a, àìsàn náà ì bá ti pa á. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ. Gbogbo àṣìṣe ẹ̀, ó ní bó ṣe máa yí i padà di oore tó ṣe ọ́.

Èmi ti wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó wo ti Amẹ́ríkà, èyí tí Ricky Gervais àti Stephen Merchant ṣe fún BBC láti 2001. Ìpín 12 péré ló ní, pẹ̀lú méjì ti Kérésìmesì, ó sì tán síbẹ̀. Ọ̀gá inú tiwọn, David Brent, kò sá fún ojú wa: wọ́n jẹ́ ká rí i bó ṣe rí, wọn ò sì sáré pa á láró. Ti Amẹ́ríkà fẹ́ ká fẹ́ràn Michael tipátipá. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà nìyẹn.

---

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Sátidé, aago 10:40 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká fi Michael sílẹ̀ ná. Ta ló máa sọ̀rọ̀ Jim, tó ń bá wọn ta bébà, àti Pam, tó ń gbàlejò ní ọ́fíìsì náà?

Ẹ rántí pé ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2007 ni apá kẹta parí, tí Jim já wọlé lójijì, tó ní kí Pam bá òun lọ jẹun alẹ́, tí omi sì lé ròrò sójú Pam níwájú kámẹ́rà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di oṣù Kẹsàn-án. Oṣù mẹ́rin gbáko ni àwọn tó ń wò ó nígbà náà fi dúró! Èmi ò sí lára wọn o, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti rí i nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo wo ìkíní mọ́ ìkejì láìmí.

Nígbà tí apá kẹrin ṣí, àwọn méjèèjì ní àwọn ò fẹ́ra. Wọ́n jókòó níwájú kámẹ́rà, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí nǹkan kan. Àwọn oníkámẹ́rà ò gbà, wọ́n tẹ̀ lé wọn, wọ́n fi kámẹ́rà wò wọ́n láti òkèèrè. Ẹ wá rí Pam nínú mọ́tò, Jim wọlé tì í, wọ́n fẹnu konu. Ká rí wọn láti ibi tó jìn, gíláàsì mọ́tò láàárín, ká má gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ẹni tí ìfẹ́ ń pa kì í pariwo.

Wọ́n fi fídíò náà han àwọn méjèèjì. Ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹ wo bí Pam ṣe rẹ́rìn-ín kó tó jẹ́wọ́. Ìyàwó mi sọ pé èmi náà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò ẹ̀ ká wa mọ́ ìdí ọkọ̀ Iléṣà.

---

Oníbébà Ṣómólú
Sátidé, aago 11:05 alẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, o ṣeun. Mo dá ibi mọ́tò yẹn padà lẹ́ẹ̀mẹta. Àti ibi tí wọ́n ti ń sáré ìje tí Michael ṣètò nítorí dìgbòlugi, tí àwọn méjèèjì yà sí ìdí ọjà àlòkù tí ẹnì kan pàtẹ síwájú ilé ẹ̀, tí wọ́n ń yan àtùpà. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé wọ́n ti ń ronú ilé tí wọ́n máa jọ gbé, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ tiyín. Mo máa sùn lé e lórí.

---

Bàbá Ológbò
Sọ́ńdè, aago 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó rántí Sprinkles.

Angela, oníṣirò owó ọ́fíìsì náà, ní ológbò kan tó ń ṣàìsàn. Ó bẹ Dwight, òṣìṣẹ́ bíi tiẹ̀ tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ní kọ̀rọ̀, pé kó bá òun lọ fún un lóúnjẹ àti oògùn. Ìgbà tí Dwight máa padà dé, ológbò ti kú. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣírí tú: ó rò pé àánú lòun ṣe é, ó sì gbé e sínú fírísà. Angela lọ sílé, ó bá ọ̀rá ọ̀dùnkún tó wà nínú fírísà náà tí èékánná ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹran náà ò tíì kú nígbà tó gbé e síbẹ̀.

Ṣé ẹ rí ọ̀rá tó ya yẹn? Wọn ò fi ológbò hàn wá. Wọn ò fi ikú hàn wá. Ẹnu Angela la ti gbọ́ ọ, ó sì tó.

Èmi ti sin ológbò mẹ́ta. Àdúgbò wa ò fẹ́ràn ológbò, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹ̀. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ kú, mi ò rí ẹni tó bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní ṣé nítorí ológbò? Angela Kinsey, tó ṣe Angela, ṣe ibi ọ̀fọ̀ yẹn débi tí mo ní láti dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Síbẹ̀ mi ò lè dá Dwight lẹ́bi tán. Ọmọ oko ni. Oko ìdílé wọn ló ti dàgbà. Lójú ẹni tó ń sin ẹran, èyí tó bá ń ṣàìsàn tí kò lè dìde mọ́, ṣe lẹ ó gba ìyà kúrò lára ẹ̀. Bàbá mi ń sin ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí Dwight ò mọ̀ ni pé Sprinkles kì í ṣe ẹran ọ̀sìn lójú Angela. Ọmọ ni.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Sọ́ńdè, aago 8:20 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé ni, oorun ń kùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá lórí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi láìsọ̀rọ̀.

Lára ohun tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín nínú ìpín yìí ni pé Michael kó gbogbo ọ́fíìsì jáde láti sáré ìje kìlómítà 5 nítorí dìgbòlugi, àìsàn tó ti ní abẹ́rẹ́ tipẹ́tipẹ́. Abẹ́rẹ́ wà lóòótọ́. Louis Pasteur ti fún ọmọ kan tí ajá bù jẹ lábẹ́rẹ́ náà ní ọdún 1885. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò ẹni tí dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún sí nǹkan bí 59,000, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ jù sí, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn jù. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Tí àmì àìsàn bá ti yọ lára, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni yè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: tí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo sí i. Ẹ má dúró wo ajá bóyá yóò kú.

Ní ti Meredith, ẹ̀rín yẹn ní gbòǹgbò. Àdán ti bù ú jẹ, èkúté ti bù ú jẹ, raccoon, ẹranko igbó kan ní Amẹ́ríkà, náà ti bù ú jẹ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àdán yẹn, àwa tó ń tún un wò la mọ̀ ọ́n: ní apá kẹta, nínú ìpín "Business School", àdán wọ ọ́fíìsì, ó bà lé Meredith lórí, Dwight sì da ọ̀rá bo orí obìnrin náà kó lè mú un. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, a gbàgbé. Àwọn òǹkọ̀wé ò gbàgbé. Wọ́n fi pamọ́ di apá tó tẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà. Michael kọ̀, kò mu omi lójú ìje. Ó ní ẹni tó ní dìgbòlugi máa ń bẹ̀rù omi, òun náà ò ní mu. Òótọ́ ni. Ọ̀nà ọ̀fun wọn á máa fún pọ̀ tí omi bá kàn án, títí ojú omi lásán á fi máa dẹ́rù bà wọ́n. Mo ti jókòó ti ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ ọdún 9. Ìyá ẹ̀ mú ife omi dání, kò mọ bó ṣe máa ṣe é. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí Michael tó ń sáré, tí ètè ẹ̀ gbẹ, tí kò gba omi, mi ò lè rẹ́rìn-ín síbẹ̀ mọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa àìsàn náà, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, ó gbà á sára.

---

Ìyá Ìbejì Peckham
Sọ́ńdè, aago 1:15 ọ̀sán

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ojú àánú. Mo ka ti ife omi yẹn fún ọkọ mi, a dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbà fún yín níhìn-ín: ibi ìje yẹn ló dára jù lọ nínú wákàtí náà. Michael jẹ pásítà olómi wàrà rẹpẹtẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kóun lè lágbára, kò mu omi, inú dà á rú, ó bì. Stanley, Creed àti Oscar, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ míì, ti wọ takisí ní tiwọn. Toby, ẹni tí Michael kò fẹ́ rí sójú, ló gba ipò kìíní, kò sì sí ẹni tó kí i kú oríire. Paul Lieberstein tó ṣe Toby wà lára àwọn òǹkọ̀wé eré náà, mo sì máa ń rò ó pé òun ló mọ̀ bí ó ṣe yẹ kí ìyẹn dun ènìyàn.

Owó tí wọ́n rí kó jọ, Michael kọ ọ́ sínú sọ̀wédowó ràgàjì kan, ó fi orúkọ Sáyẹ́ǹsì sí i. Kò mọ ẹni tó yẹ kóun fún.

Síbẹ̀ náà, Meredith ńkọ́? Ta ló sanwó ọsibítù ẹ̀? Ta ló ń fọ aṣọ fún un? Orúkọ ẹ̀ wà nínú orúkọ ìje, òun alára wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ni mo ń sọ.

---

Tísà Òṣogbo
Sọ́ńdè, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìpín tó ṣí apá tuntun là ń sọ, ti apá karùn-ún ni tèmi, "Weight Loss", ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 2008. Pam ti lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní New York fún oṣù mẹ́ta. Jim ní kí àwọn pàdé láàárín ọ̀nà, ní ilé epo kan, kí wọ́n jọ jẹun ọ̀sán. Òjò ń rọ̀, tírélà ń kọjá, Jim kúnlẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan! Greg Daniels sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí dọ́là 250,000 ló ná wọn, torí wọn ò lo ilé epo gidi: wọ́n kọ́ ọ sórí ilẹ̀ tí àwọn oníbàárà ilé ìtajà kan ń gbé mọ́tò sí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rọ òjò. Wọ́n ná gbogbo owó yẹn kí ibẹ̀ lè dà bí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì.

---

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Sọ́ńdè, aago 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ìbejì, bí Meredith ṣe pòórá nínú ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ti jẹ́ kí n fẹ́ tún un wò.

Tísà, ẹ kú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ilé epo yẹn ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ láìsí inú mọ́tò ti apá kẹrin. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n jẹ́ ká wò wọ́n láti òkèèrè nìyẹn, pẹ̀lú ariwo títì tó bo ohùn wọn.

Ó kàn dùn mí pé apá kẹrin ò gùn. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2007, kò parí títí di oṣù Kejì 2008. Ìpín 14 péré ló mọ sí. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa mú owó wá fún wọn. Mo rò ó pé wọ́n jàre. Ní ọdún 2020, tí gbogbo ayé wà nílé, eré yìí kan náà làwọn ará Amẹ́ríkà wò jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú tó lé ní bílíọ̀nù 57.

---

Oníbébà Ṣómólú
Sọ́ńdè, aago 8:37 alẹ́

Mo sùn lé e lórí, mo sì tún ibẹ̀ wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Ìbejì, ẹ jàre. Michael ń wá ìdáríjì fún ara ẹ̀, ó hàn gbangba. Nígbà tó kó gbogbo wọn jọ tó ní èpè ló wà lórí ọ́fíìsì, tó ń bi Kelly, òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìdílé Íńdíà, nípa ẹ̀sìn Híńdù, ṣe ló ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi ọ̀hún rù fún un. Mo mọ ìyẹn. Ọ̀gá wa náà ní ọwọ́ ayé ni, pé àwọn tí kò fẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé òun gbèrú ló fa abẹ yẹn. Ó mú àlùfáà wá, wọ́n gbàdúrà sórí ẹ̀rọ. Wọn ò tún ẹ̀rọ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù nínú mi. Ẹni tó ń wá ìdáríjì, ó kéré tán, ó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Michael ò mọ bí wọ́n ṣe ń san án, ó ń kọ sọ̀wédowó sí Sáyẹ́ǹsì, ó ń fi òùngbẹ pa ara ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ọ̀gá tiwa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó sùn, torí ó tètè dé síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ara ẹ̀ dá ṣáṣá.

Ìbéèrè yín nípa Meredith ló wá gún mi jù. Ta ló ń fọ aṣọ fún un? Mo bi ara mi pé èmi náà ńkọ́? Mo lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, mo ra ọsàn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, ó kó lọ sí Ìkòròdú, mi ò dé ibẹ̀ rí.

Mo pè é nírọ̀lẹ́ yìí. Ó dá ohùn mi mọ̀ kí n tó dárúkọ. Ó ní òun ń ta páànù báyìí, pé ọwọ́ ò dùn òun mọ́, àfi tí òjò bá ṣú. Mo ní ṣé ó ti wo The Office rí, ó ní kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo ní bébà. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa lọ. Mo ti kó apá kẹrin sínú fóònù, láti ìpín yìí lọ. Ìyá Ìbejì, mo máa sọ fún yín ohun tí òun bá rí nínú Michael.